Omi Tó Ń Gun Òkè: Bí Ìdílé Ṣe Lè Fi Ọkọ̀ Dé Loch Ness

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi dé Loch Ness, adágún tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní Scotland, ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè gba ìlú Inverness wọlé láti apá ìlà oòrùn, kó la iyàrá omi méje kọjá, ìyẹn àwọn àpótí olókùúta tó ń gbé ọkọ̀ gòkè tàbí tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó sì lè gba Corpach, lẹ́bàá Fort William, wọlé láti apá ìwọ̀ oòrùn, kó la méjìlélógún kọjá. Adágún kan náà ni, ṣùgbọ́n ìrìnàjò méjèèjì yàtọ̀ pátápátá síra wọn, nínú owó, nínú iye ọjọ́ àti nínú agbára tí a ó lò. Láti orí ọ̀nà tí a bá yàn ni ètò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kánáàlì Caledonia ni orúkọ ọ̀nà omi náà. Máìlì 60 ló gùn láti òkun dé òkun, inú àfonífojì tóóró kan tó la òkè Scotland sí méjì ló sì gbà kọjá. Máìlì 22 péré nínú rẹ̀ ni ọwọ́ ènìyàn gbẹ́. Adágún mẹ́rin tí Ọlọ́run ti dá síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló di ìyókù: Loch Lochy, Loch Oich, Loch Ness àti Loch Dochfour. Loch Oich ló ga jù nínú wọn. Nígbà tí ọkọ̀ bá dé ibẹ̀, yóò ti fi ẹsẹ̀ bàtà 106 ga ju òkun tó ti gbéra lọ, kó tó tún máa sọ̀kalẹ̀ lọ sí òdìkejì.

Mò ń kọ èyí fún àwọn ìdílé Yorùbá tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, tí wọ́n máa ń wá ibi tí wọ́n á kó ọmọ lọ nígbà ìsinmi ìgbà ooru, àti fún ẹnikẹ́ni nílé tó fẹ́ràn omi. Ó dá mi lójú pé ìsinmi tó ń mú bàbá, ìyá àti ọmọ di okùn kan náà mú láti àárọ̀ dalẹ́ kò wọ́pọ̀, èyí sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi máìlì ṣe ìṣirò rẹ̀, ìṣirò náà kò ní jọ. Iyàrá omi àti afẹ́fẹ́ ló ń pín ọjọ́ lójú ọ̀nà yẹn. Ẹni tó bá ti gbà fún àwọn méjèèjì láti ilé ló máa gbádùn ìrìnàjò náà.

Àwọn tó gbẹ́ ẹ

Ní ọdún 1803 ni ilé aṣòfin ní London fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Thomas Telford ni wọ́n gbé e fún, pẹ̀lú William Jessop tó jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ kánáàlì. Ọmọ darandaran àgùntàn ni Telford. Iṣẹ́ òkúta gbígbẹ́ ló kọ́kọ́ ń ṣe kó tó di ọ̀kan lára àwọn ẹnjiníà tó lókìkí jù ní Britain. Ìdí méjì pàtàkì ni ìjọba rí tí wọ́n fi náwó sí i. Èkíní, ọkọ̀ òkun tó bá gba orí Scotland yí ká máa ń bá ìjì líle pàdé ní Cape Wrath àti ní Pentland Firth, ogun Faransé sì wà lórí òkun lákòókò náà. Èkejì, àwọn onílẹ̀ ńláńlá ń lé àgbẹ̀ kúrò lórí oko kí wọ́n lè fi àgùntàn síbẹ̀. Ìṣẹ́ ń bá àwọn ará òkè Scotland jà, ọ̀pọ̀ sì ń wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ìjọba gbà pé iṣẹ́ kánáàlì á fún wọn ní oúnjẹ òòjọ́.

Ọwọ́ ènìyàn, ṣọ́bìrì àti bárò ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi í sílẹ̀ nígbà ìkórè àti nígbà tí ẹja bá pọ̀ lókun, lẹ́yìn náà wọ́n á padà wá. Telford fojú dá a pé ọdún méje ni yóò gbà, àti pé nǹkan bí £350,000 ni yóò ná wọn. Ọdún 1822 ni wọ́n tó ṣí i, owó tó ti wọlé sí i sì ti ju £900,000 lọ. Síbẹ̀, wọn kò gbẹ́ ẹ jìn tó bí wọ́n ṣe pinnu, àwọn apá kan níbẹ̀ kò sì lágbára tó. Wọ́n tì í pa láti ọdún 1843 sí 1847 fún àtúnṣe.

Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí i padà, ogun Faransé ti parí láti ọdún 1815, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òkun tuntun sì ti tóbi ju ohun tí iyàrá omi rẹ̀ lè gbà lọ. Bí ohun tí wọ́n ṣe fún òwò àti ogun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í di ọ̀nà ìgbádùn nìyẹn. Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ gba ibẹ̀ kọjá ní ọdún 1873. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ lónìí láti sinmi, kó rántí pé làálàá àwọn tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn ló gbé ọkọ̀ rẹ̀ gòkè.

Bí iyàrá omi ṣe ń gbé ọkọ̀

Àpótí olókùúta ńlá tí kò ní òrùlé ni iyàrá omi, ilẹ̀kùn wà ní iwájú rẹ̀, ó sì wà ní ẹ̀yìn. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ gòkè, yóò wọlé láti ìsàlẹ̀ nígbà tí omi inú iyàrá bá wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú omi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Wọ́n á wá ṣí ojú ihò tí omi òkè ń gbà wọlé, omi á máa ya wọ inú iyàrá, ọkọ̀ á sì máa ga sókè títí omi inú àti omi òkè yóò fi dọ́gba. Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn iwájú tó lè ṣí. Omi fúnra rẹ̀ ló gbé ọkọ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ kò ju kó ṣí ilẹ̀kùn àti ojú ihò lọ. Tí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí omi inú iyàrá ṣàn jáde sí ìsàlẹ̀.

Ọgbọ́n yìí ti wà láyé tipẹ́. Ní ọdún 984, Qiao Weiyue, òṣìṣẹ́ ìjọba ní ilẹ̀ Ṣáínà, ṣe iyàrá omi sórí Kánáàlì Ńlá ilẹ̀ náà, nítorí pé ibi tí wọ́n ti ń wọ́ ọkọ̀ gòkè lórí ilẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń fọ́, tí àwọn olè sì ti ń kó ọkà ìjọba. Àwa náà ní irú rẹ̀ nílé. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ dáàmù Kainji sórí odò Ọya, iṣẹ́ tó parí ní ọdún 1968, wọ́n ṣe iyàrá omi sí i kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ odò lè kọjá sókè.

Ní Banavie, iyàrá mẹ́jọ ló tẹ̀lé ara wọn: ilẹ̀kùn òkè ti ọ̀kan ni ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ èyí tó tẹ̀lé e. Neptune's Staircase ni wọ́n ń pè é, kò sì sí irú rẹ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ ní Britain. Ó ń gbé ọkọ̀ ga ju ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ, nǹkan bíi wákàtí kan àti ààbọ̀ ni ọkọ̀ sì ń lò níbẹ̀. Márùn-ún ló tẹ̀lé ara wọn ní Fort Augustus, mẹ́rin ní Muirtown lẹ́bàá Inverness. Àwọn ìyókù fọ́nká sójú ọ̀nà. Títí di àwọn ọdún 1960, agbára apá ni wọ́n fi ń yí ilẹ̀kùn wọ̀nyí. Ẹ̀rọ ló ń ṣe é báyìí. Ohun kan ló yẹ kí ẹni tó ti wa ọkọ̀ rí lórí kánáàlì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀: lọ́hùn-ún, àlejò fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń ṣí ilẹ̀kùn omi. Ní Caledonia, àwọn òṣìṣẹ́ Scottish Canals, tó ń bójú tó kánáàlì náà, ló ń ṣí i. Iṣẹ́ tiyín ni okùn.

Ibo la ti máa gbéra?

Ẹ jẹ́ ká ka àwọn iyàrá náà. Láti Inverness: méjì wà ní Clachnaharry, mẹ́rin ní Muirtown, ẹyọ kan ní Dochgarroch, lẹ́yìn náà Loch Ness ti dé. Láti Corpach: mẹ́ta wà níbẹ̀, mẹ́jọ ní Banavie, méjì ní Gairlochy, méjì ní Laggan, ọ̀kan ní Cullochy, ọ̀kan ní Kytra, márùn-ún ní Fort Augustus kí a tó bọ́ sínú adágún náà.

Tí ọkọ̀ bá ń rin máìlì márùn-ún ní wákàtí kan, wákàtí 12 péré ló máa fi rin máìlì 60. Ìṣirò orí ìwé nìyẹn. Tí a bá fi wákàtí kan àti ààbọ̀ Banavie kún un, àti àkókò Fort Augustus, àti ìdúró níwájú ilẹ̀kùn tí ọkọ̀ mìíràn ṣì wà nínú rẹ̀, tí a sì rántí pé àwọn òṣìṣẹ́ ní wákàtí tí wọ́n ń wọṣẹ́ àti èyí tí wọ́n ń ṣíwọ́, a ó rí i pé ẹni tó bá fẹ́ la gbogbo rẹ̀ kọjá ní ọjọ́ mẹ́ta kò ní ráyè wo nǹkan kan. Fún ìdílé tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, tí Loch Ness sì jẹ́ ohun tí wọ́n fẹ́ rí, ìmọ̀ràn mi ni kí wọ́n gba apá Inverness. Iyàrá omi ibẹ̀ kò pọ̀, adágún sún mọ́ ọn, àwọn ọmọ á sì ti mọ bí a ṣe ń di okùn mú kí wọ́n tó bá márùn-ún Fort Augustus pàdé.

Afárá tún wà. Mẹ́wàá ni àwọn tó ń yí sí ẹ̀gbẹ́ kí ọkọ̀ lè kọjá. Ojú títì ńlá A82 gba orí àwọn kan nínú wọn, reluwé sì ń gba orí ti Banavie àti ti Clachnaharry. Ọkọ̀ omi kì í lé reluwé kúrò lójú ọ̀nà. Ńṣe la máa dúró dè é.

Àwọn tó fẹ́ràn àjẹ̀ ní ọ̀nà tiwọn. Láti ọdún 2012 ni wọ́n ti ṣí Great Glen Canoe Trail láti Fort William dé Inverness. Wọn kì í fi ọkọ̀ alájẹ̀ wọ inú iyàrá omi. Tí wọ́n bá dé ibẹ̀, wọ́n á gbé e sí èjìká tàbí kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ kékeré fà á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Iṣẹ́ àgbà ni, kì í ṣe ti ọmọ kékeré.

Ọkọ̀, ìwé àti àwọn tó máa wà nínú rẹ̀

Ẹni tó bá yá ọkọ̀ kò nílò ìwé àṣẹ awakọ̀ omi. Ilé iṣẹ́ tó ń yáni lọ́kọ̀ á kọ́ ọ ní bí a ṣe ń tan ẹ́ńjìnnì, bí a ṣe ń dá ọkọ̀ dúró, bí a ṣe ń fa ẹ̀yìn, kí wọ́n tó fà á lé e lọ́wọ́. Wọ́n á sì sọ ibi tí wọ́n gbà kí ọkọ̀ wọn dé. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n gbà kí ọkọ̀ náà wọ Neptune's Staircase, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àyálò kì í kọjá orí òkè rẹ̀ ní Banavie. Ẹni tó ní ọkọ̀ tirẹ̀ ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Scottish Canals, kó sì ní ìwé adójútòfò tó múná dóko.

Nínú ọkọ̀, ó kéré tán kí àgbàlagbà mẹ́ta wà: ẹnì kan níbi ìtọ́kọ̀, ẹnì kan pẹ̀lú okùn iwájú, ẹnì kan pẹ̀lú okùn ìdí. Tọkọtaya lè dá a ṣe, ṣùgbọ́n tí ọmọ kékeré bá wà nínú ọkọ̀, ta ni yóò máa wò ó? Ẹ mú ẹ̀gbọ́n kan tàbí àbúrò kan dání. Kí olúkúlùkù mọ iṣẹ́ rẹ̀ láti etí omi, kí àṣẹ sì máa ti ẹnu ẹnì kan ṣoṣo jáde. Ọkọ̀ tí bàbá ń pàṣẹ nínú rẹ̀, tí ìyá ń pàṣẹ, tí ẹ̀gbọ́n bàbá náà tún ń pàṣẹ, ara ògiri ló máa kọlù.

Rédíò VHF wúlò púpọ̀. Ìkànnì 74 ni àwọn òṣìṣẹ́ kánáàlì náà ń gbọ́. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó dé iyàrá, ẹ sọ orúkọ ọkọ̀ yín, gígùn rẹ̀, àti ibi tí ẹ ń lọ. Wọ́n á sọ bóyá kí ẹ máa bọ̀ tàbí kí ẹ so ọkọ̀ mọ́ èbúté kí ẹ dúró. Ohun tí wọ́n bá sọ labẹ gé.

Nínú iyàrá omi

Okùn méjì tó gùn dáadáa ni ohun èlò àkọ́kọ́, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan nídìí. Ìkejì ni àwọn rọ́bà ńlá tí a so kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ògiri olókùúta má bàa họ ọ́ lára. Ẹ rọra wọlé. Tí ọkọ̀ bá ń gòkè, ẹ fi okùn fún ẹni tó wà lórí ògiri kó fi kọ́ irin, ṣùgbọ́n kí orí okùn kejì wà lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Bí omi ṣe ń gbé ọkọ̀ sókè ni okùn á máa dẹ̀, ẹni tó dì í mú á sì máa fà á kó má bàa tú sílẹ̀ jù. Tí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀, ńṣe ló máa máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má so okùn pa rárá nínú iyàrá omi. Tí omi bá ń lọ sílẹ̀ tí okùn kò sì lè tẹ̀lé e, okùn yẹn á gbé ọkọ̀ kọ́ sára ògiri, ewu ńlá sì ni. Ẹ má fi okùn wé ọwọ́. Kí ọmọdé má na ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ sí àárín ọkọ̀ àti ògiri, bó ti wù kí ọkọ̀ náà jọ pé ó ń rọra rìn tó. Níbi tí iyàrá bá ti tẹ̀lé ara wọn, àwọn kan nínú ìdílé á sọ̀kalẹ̀ sórí ilẹ̀, wọ́n á máa fi okùn fa ọkọ̀ láti iyàrá kan bọ́ sí èkejì. Fort Augustus ni àwọn ọmọ ti máa fẹ́ràn èyí jù, nítorí àárín ìlú ni àwọn iyàrá náà wà, àwọn arìnrìnàjò afẹ́ sì máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ láti wo àwọn ọkọ̀. Kò sí ẹni tó lè fi ipá mú iṣẹ́ iyàrá omi yá. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nígbín fi ń gun igi.

Ẹ bọ̀wọ̀ fún adágún náà

Loch Ness gùn ní kìlómítà 37, jíjìn rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 230. Omi tó wà nínú rẹ̀ nìkan ju gbogbo omi tó wà nínú adágún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales lápapọ̀ lọ. Ẹni tó bá ti kánáàlì tóóró bọ́ síbẹ̀, tó kọjá ilé iná kékeré tó wà ní Bona, á rí i pé ohun mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Òkè wà lọ́tùn-ún, òkè wà lósì, afẹ́fẹ́ kò sì ní ibòmíràn tó lè gbà ju kó máa fẹ́ tààrà lórí omi láti orí dé ìdí. Tó bá fẹ́ fún wákàtí mélòó kan, ìgbì ibẹ̀ á dà bí ti òkun. Etí bèbè kò sì ṣeé gbójú lé fún ìdákọ̀ró, nítorí omi ti jìn kí a tó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀. Nítorí náà, àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò láàárọ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá le, ẹ dúró sí Dochgarroch tàbí Fort Augustus.

Ewu òtútù omi náà ju ti ìgbì lọ. Kódà nígbà ooru, omi adágún yẹn tutù tó láti já èémí gbà lẹ́nu ẹni tó bá ṣubú sínú rẹ̀ lójijì, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ tó. Kí gbogbo ènìyàn, àgbà àti ọmọdé, wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wà lórí ọkọ̀ níta. Ẹni tó bá ṣubú, kó má jà. Kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ kó léfòó títí èémí rẹ̀ yóò fi padà. Àwọn RNLI, tó ń yọ ènìyàn nínú ewu omi, ti ní ọkọ̀ ìdóòlà lórí Loch Ness láti ọdún 2008. Ẹ pe 999, kí ẹ béèrè fún Coastguard.

Òkúta ìrántí kan wà ní etí adágún náà fún John Cobb, tó fẹ́ jẹ́ ẹni tó sáré jù lórí omi láyé. Ní ọdún 1952, eré rẹ̀ ti ju máìlì 200 ní wákàtí kan lọ nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ túútúú, ó sì kú síbẹ̀. Kò jìnnà síbẹ̀ ni àwókù ilé olódi Urquhart wà, ibi tí mo rò pé ó dára jù láti dúró wo adágún náà láti òkè.

Àwọn ọmọ á béèrè nípa ẹran abàmì inú omi. Ẹ sọ òtítọ́ fún wọn. Ọdún 1933 ni òkìkí rẹ̀ kàn nínú ìwé ìròyìn. Àwòrán tó lókìkí jù, ti ọdún 1934, ẹ̀tàn ni. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí Neil Gemmell láti New Zealand ṣáájú bu omi adágún náà, wọ́n sì yẹ ohun tí ẹ̀dá alààyè fi sílẹ̀ sínú rẹ̀ wò. Wọn kò rí àmì ẹranko afàyàfà ńlá kankan. Ohun tí wọ́n rí lọ́pọ̀ yanturu ni ti ẹja eel, ẹja gígùn tó jọ ejò.

Oúnjẹ, kantíkantí àti ewéko

Ilé ìdáná ọkọ̀ kéré, omi mímu inú táńkì rẹ̀ sì níwọ̀n. Ẹ se ọbẹ̀ láti ilé, ẹ fi sínú yìnyín, kó jẹ́ pé ìrẹsì tàbí ẹ̀bà nìkan lẹ máa fi gáàsì sè. Ṣọ́ọ̀bù wà ní Fort Augustus àti ní Drumnadrochit, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí ata rodo tàbí èlùbọ́ rà níbẹ̀ bí ti London. Ẹ kó aṣọ òtútù àti aṣọ òjò dání, oṣù yòówù kó jẹ́. Kantíkantí ibẹ̀ máa ń ta ènìyàn gan-an nígbà ooru, pàápàá lásìkò tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́. Oṣù Karùn-ún, kí wọ́n tó pọ̀, dára. Ìparí oṣù Kẹsàn-án náà dára.

Kí ọkọ̀ tàbí àjẹ̀ yín tó kúrò nínú omi kan lọ sí òmíràn, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Àwa tí a mọ ewéko àjèjì tó bo ojú ọ̀sà láti Badagry lọ títí, tó ń há mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja, kò yẹ kí a dúró kí ẹnikẹ́ni tó kìlọ̀ fún wa nípa èyí.

Bí a ṣe lè pín ọ̀sẹ̀ kan

Ní ọjọ́ kìíní, ẹ gba ọkọ̀ ní apá Inverness, ẹ kọ́ bí a ṣe ń wà á, ẹ sun Dochgarroch. Ní ọjọ́ kejì, tí afẹ́fẹ́ bá gbà, ẹ wọ Loch Ness, ẹ yà sí Urquhart. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ dé Fort Augustus, ẹ sun ìsàlẹ̀ àwọn iyàrá rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ gun márààrún, ẹ kọjá Kytra àti Cullochy dé Loch Oich, ibi tó ga jù lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ karùn-ún àti ìkẹfà, ẹ máa padà bọ̀. Ọjọ́ keje ni ọjọ́ òfo tí a kò fún ní iṣẹ́ kankan.

Ọjọ́ òfo yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gé kúrò láti dín owó kù, òun gan-an ló sì ń gba ìrìnàjò là. Tí afẹ́fẹ́ bá fi yín sí èbúté, inú rẹ̀ lẹ ó ti mú àkókò. Tí ilẹ̀kùn bá pẹ́ ṣí, inú rẹ̀ náà ni. Ẹni tí kò bá ní in ló máa ń wọ adágún nígbà tí ìgbì ti ga, nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n ní kó dá ọkọ̀ padà ti pé. Nígbà tí ẹ bá jókòó láti ṣètò, ọjọ́ òfo ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí ẹ tó kọ orúkọ ibì kankan.